Ìrìnàjò Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Láti Inú Oòrùn: Ọ̀nà Gbágungbàgun Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Tán Sójú Ọ̀nà

Ní ọjọ́ 27 àti ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná janjan, ìyọnu ńlá kan bá àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi ẹ̀rọ rédà ṣọ́ etí òkun wọn. Ariwo kan ṣàdédé wọ inú àwọn ẹ̀rọ náà, ó sì bo gbogbo àmì tí ó yẹ kí wọ́n máa rí mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú kékeré wò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn ará Jámánì ti fi irú ariwo bẹ́ẹ̀ dí rédà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójú, wọ́n sì mú àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun wọn la omi tóóró tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé kọjá ní ọ̀sán gangan. Ìbẹ̀rù gbogbo ènìyàn ni pé ọgbọ́n àrékérekè náà ni ó tún dé.

Ẹni tí iṣẹ́ àyẹ̀wò irú ariwo bẹ́ẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ James Stanley Hey. Bí ó ti kó ìròyìn láti oríṣiríṣi ibùdó jọ, ó ṣe àkíyèsí ohun kan: ibi tí oòrùn wà lójú ọ̀run ni ariwo náà ti ń wá, bí oòrùn sì ti ń rìn ni ariwo náà ń bá a rìn. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ìràwọ̀ ní Greenwich bóyá nǹkan kan ṣe oòrùn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n dá a lóhùn pé àbàwọ́n dúdú ńlá kan wà ní ojú oòrùn, ó sì kọjú sí ayé tààrà. Báyìí ni ó di mímọ̀ pé oòrùn tí ń tan ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń mú ilẹ̀ gbóná, a tún máa pariwo lórí ìgbì asọ̀rọ̀mágbèsì. Nítorí ogun, wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó di ọdún 1946 kí Hey tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé.

Ariwo oòrùn kò dẹ́kun láti máa fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu lẹ́yìn ogun náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1967, rédà ńláńlá mẹ́ta tí Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ bọ́ǹbù tí ó lè gba apá àríwá ayé wá, ọ̀kan ní Alaska, ọ̀kan ní Greenland, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ariwo dí lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá dí rédà wọ̀nyí lójú mọ̀ọ́mọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ogun nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ oòrùn fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ni ó yára fi yé àwọn ọ̀gá pé kì í ṣe Rọ́ṣíà, oòrùn ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2015 pẹ̀lú, irú ariwo bẹ́ẹ̀ da rédà àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Sweden rú.

Ariwo oòrùn pọ̀ ní irú, àwọn tí ó ṣe ọṣẹ́ wọ̀nyí kì í sì í ṣe irú kan náà. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí irú kan ṣoṣo, èyí tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń ru, tí ó sì ti fún àwọn amòye ní iṣẹ́ ṣe fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ.

OHÙN TÍ Ń JÁ WÁLẸ̀

Paul Wild jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti bójú tó rédà nínú ọkọ̀ ojú omi ogun kí ó tó ṣí lọ sí Ọsirélíà. Ní ọdún 1949 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Penrith, nítòsí ìlú Sydney. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì inú ilé kì í gbọ́ ju ibùdó kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti Wild ń sáré kọjá lórí gbogbo ohùn, láti orí èyí tí ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan títí dé èyí tí ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 130, ó sì ń ya gbogbo ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ bí àwòrán.

Ní ọdún 1950 wọ́n pín ariwo oòrùn tí wọ́n gbọ́ sí irú mẹ́ta. Irú kẹta ni ó yani lẹ́nu jù. A máa bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn òkè, láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ a sì ti já wálẹ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí onígángan bá fún ọṣán ìlù rẹ̀ mọ́ra, tí ó lù ú, tí ó sì tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́ kí dídún rẹ̀ tó tán. Ta ni ó ń tú ọṣán oòrùn sílẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú irú ohun tí oòrùn jẹ́. Kì í ṣe òkúta, kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe irú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí símú. Ohun gbogbo tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn láyé ni ó jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní átọ̀mù. Ní àárín átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni ohun wíwúwo kan wà, àwọn ohun fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì rọ̀gbà yí i ká. J. J. Thomson ni ó fi wọ́n hàn fún aráyé ní Cambridge ní ọdún 1897. Àwọn kan náà ni ó ń sáré nínú wáyà nígbà tí iná mànàmáná bá ń tàn nínú ilé. Wọ́n fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun àárín átọ̀mù tí ó fúyẹ́ jù lọ pàápàá fi wúwo jù wọ́n lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,800. Bí ooru bá pọ̀ lápọ̀jù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a já kúrò lára átọ̀mù, tọ̀tún tòsì a sì máa rìn kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàrin ara wọn. Ohun tí ó bá wà ní ipò bẹ́ẹ̀ ni Irving Langmuir, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, sọ ní pílásímà ní ọdún 1928. Ojú ọ̀nà tí mànàmáná bá gbà já nínú òjò jẹ́ pílásímà. Inú iná onígọ̀ọ́gùn gígùn tí ń tàn funfun náà, pílásímà ni. Oòrùn jẹ́ pílásímà láti òkè dé ilẹ̀, ẹ̀fúùfù tí ó sì ń fẹ́ jáde láti ara rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ayé àti kọjá ayé, òun náà pílásímà ni.

Pílásímà ní ohùn tirẹ̀. Bí nǹkan bá ti àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ohun wíwúwo tí ó ṣẹ́kù sẹ́yìn a fà wọ́n padà. Bí wọ́n ti ń sáré padà bọ̀, wọn a ré kọjá àyè wọn. A ó sì tún fà wọ́n láti ìhà kejì. Báyìí ni wọn yóò máa lọ, tí wọn yóò máa bọ̀, bí ẹrù tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sára àjà tí ẹnì kan sì tì. Langmuir àti Lewi Tonks ṣàlàyé èyí ní ọdún 1929, ìgbì tí ó ti inú rẹ̀ wá ni wọ́n sì ń pè ní ìgbì Langmuir títí di òní.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé bí pílásímà bá ti ki tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń ga tó. Bí iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà ní ibì kan bá di ìlọ́po mẹ́rin, iye ìgbà tí ibẹ̀ ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò di ìlọ́po méjì. Bí ó bá di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ìmì náà yóò di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá rárá, nítorí pé pílásímà wà lókè orí olúkúlùkù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ̀mù afẹ́fẹ́ ní òkè réré, ibẹ̀ sì ti di òrùlé tí ń dá ìgbì asọ̀rọ̀mágbèsì padà sílẹ̀, èyí tí ó mú kí ẹni tí ó jókòó ní abúlé lè gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé jọ wádìí ilẹ̀, òkun àti òfuurufú pọ̀ ní ọdún 1957 sí 1958, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ń wọn òrùlé náà. Bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n a fi ẹ̀rọ rán ìgbì sókè tààrà, wọ́n a sì máa gbé ohùn rẹ̀ ga díẹ̀díẹ̀. Ìgbì kọ̀ọ̀kan a padà wá láti ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti bá ti pílásímà mu. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ga ju ti ibi tí ó ki jù lọ a gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní í padà mọ́. Bí ìmì tí ó padà gbẹ̀yìn bá jẹ́ mílíọ̀nù 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó wà nínú àyè tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lọ.

Ìṣirò kan náà ni ó ṣí àṣírí ohùn tí ń já wálẹ̀. Nítòsí oòrùn, ní ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti tó mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún nínú irú àyè kékeré bẹ́ẹ̀, pílásímà ń mì ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti ń jìnnà sí oòrùn ni ó ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ayé, níbi tí kì í ti í sábà ju bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún lọ, tí ìmì rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ dé bí 20,000. Nítorí náà, ohun kan ni ó ń ti inú oòrùn sáré jáde, tí ó ń lu pílásímà kọ̀ọ̀kan tí ó bá kàn lójú ọ̀nà, kíki kí ó tó kan fífẹ́lẹ́. Wild wo bí ohùn náà ti ń yára já tó, ó sì ṣírò rẹ̀ pé ohun náà lè rìn tó kìlómítà 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyára ìmọ́lẹ̀. Ọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni. Nígbà tí agbára tí ó wà nínú òòfà oòrùn bá tú sílẹ̀ lójijì, a ju ọ̀wọ́ wọn jáde bí ẹni fi kànnàkànnà ta òkúta. Ìmọ́lẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ láti ti oòrùn dé ayé. Ọ̀wọ́ wọ̀nyí ń lo bí ìdajì wákàtí.

ỌMỌLANKE ÀTI ÀWỌN TÍ Ń TÌ Í

Báwo ni ọ̀wọ́ tí ń sáré kọjá ṣe ń ru ìgbì sókè nínú pílásímà? Ẹni tí ó bá ti rí ọmọlanke nínú èrò ọjà yóò lè fòye mọ̀ ọ́n. Ọmọlanke kan ń lọ, kò sí ẹni tí ó dìídì ń tì í, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rìn ní ìhà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yára jù ú lọ díẹ̀ yóò fi àyà tì í láti ẹ̀yìn: ọmọlanke a yára sí i, ẹni náà a sì falẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ́ra jù ú lọ díẹ̀, tí ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ọmọlanke yóò wọ́ ọ lọ: ẹni náà a yára sí i, ọmọlanke a sì falẹ̀. Ẹni tí ó dúró sójú kan, tàbí ẹni tí ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kò ní ohun púpọ̀ láti bá ọmọlanke náà ṣe. Àwọn tí ìyára wọn sún mọ́ ti ọmọlanke nìkan ni ó ń fún un ní agbára tàbí tí ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbì inú pílásímà ni ọmọlanke náà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ni èrò. Lev Landau ti Rọ́ṣíà ni ó fi ìṣirò hàn ní ọdún 1946 pé, nínú pílásímà tí nǹkan kan kò yọ lẹ́nu, ìgbì a máa kú, nítorí pé àwọn tí ó lọ́ra ju ìgbì lọ díẹ̀ a máa pọ̀ ju àwọn tí ó yára jù ú lọ díẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń wọ́ lọ pọ̀ ju àwọn tí ń tì lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ ayárabíàṣá bá dé láti inú oòrùn, òṣùwọ̀n náà yí padà. Àwọn tí ń tì wá pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń wọ́ lọ, ìgbì a sì máa ga, bí ó bá sì ti ń ga sí i ni yóò máa yára ga sí i. David Bohm àti Eugene Gross ṣàlàyé èyí ní ọdún 1949.

Ìgbì Langmuir fúnra rẹ̀ kò lè kúrò nínú pílásímà wá sí ayé, gẹ́gẹ́ bí gbígbọ̀n awọ kò ti lè kúrò lára ìlù. Ìró nìkan ni ó ń dé etí. Vitaly Ginzburg àti Vladimir Zheleznyakov ni ó sọ ní ọdún 1958 bí gbígbọ̀n ṣe ń di ìró. Bí ìgbì náà bá kọlu ìgbì mìíràn tí ń rọra lọ nínú pílásímà, ó lè di ìgbì asọ̀rọ̀mágbèsì lórí ohùn kan náà. Bí ìgbì Langmuir méjì bá sì kọlu ara wọn, wọ́n lè bí ọ̀kan tí ìmì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Èyí bá ohun tí Wild ti rí mu, nítorí pé ní ọdún 1954 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde pé ariwo oòrùn a máa jáde nígbà mìíràn ní ìlà méjì, tí ìmì ọ̀kan tó ìlọ́po méjì ti èkejì.

ÌBÉÈRÈ STURROCK

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964, Peter Sturrock ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ilé náà jẹ́. Bí ọ̀wọ́ náà bá ń ti ìgbì lọ́nà tí wọ́n wí yìí, agbára rẹ̀ yóò tán ní wàràǹṣeṣà. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò ti falẹ̀ kí wọ́n tó rin ìrìn tí ó tó nǹkan, bí ènìyàn bá fi í wé fífẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí ó wà níwájú wọn sì tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà! Ó dà bí alájàpá tí ó ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán kí ó tó kúrò lẹ́nu odi ìlú, tí wọ́n sì tún rí i ní ọjà òkèèrè tí ó ń rajà.

Wọ́n sì rí i ní ọjà náà lóòótọ́. Ní ọdún 1965, James Van Allen àti Stamatios Krimigis ròyìn pé ọkọ̀ Mariner 4, tí ń lọ sọ́dọ̀ Mars, bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí oòrùn jù jáde pàdé lójú òfuurufú. Nítorí náà kò ṣeé ṣe láti sọ pé ọ̀wọ́ náà kò sí. Kò sì ṣeé ṣe láti sọ pé kì í ti ìgbì, nítorí pé ariwo ìgbì náà ni ó kọ́kọ́ mú kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀wọ́ náà wà. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: nǹkan kan wà tí ìṣirò náà kò kà mọ́ ọn.

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ jáde, ní nǹkan bí ọdún 1970, ni pé àwọn tí ó ṣíwájú nínú ọ̀wọ́ ni ó ń ná owó, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń ṣà á. Agbára tí àwọn ti iwájú fi sílẹ̀ nínú ìgbì, àwọn ti ẹ̀yìn yóò gbà á padà bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ìdáhùn yìí ní òótọ́ nínú, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń lò ó títí di òní, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìgbì dúró de àwọn ti ẹ̀yìn láìsí ohun tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu, bí owó tí ó bọ́ sílẹ̀ ní ojú títì tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn.

Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò Sturrock ka pílásímà sí ohun tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ̀fúùfù oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹ̀kọ tí wọn kò rò dáadáa: ibì kan ki, ibì kan fẹ́lẹ́, kókó ńlá àti kókó kékeré wà nínú rẹ̀ káàkiri. Dmitri Ryutov, ọmọ Rọ́ṣíà, ni ó ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1969 bí ọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò ti ṣe nínú irú pílásímà bẹ́ẹ̀.

Èyí ni bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ìgbì tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò lè pa ohùn rẹ̀ dà, ibi yòówù kí ó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ibi tí ó ki, níbi tí ohùn pílásímà fúnra rẹ̀ ti ga, kò sí ohun tí ó lè ṣe ju pé kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn sí i. Bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì ti gùn ni ìyára rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí ó bá wọ ibi tí ó fẹ́lẹ́, ìṣísẹ̀ rẹ̀ a kúrú, ìyára rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Ọmọlanke náà ti bọ́ sí ọ̀nà olókè gbágungbàgun nìyẹn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yí lọ fún àwọn tí ń tì í, ọwọ́ wọn kò tó o mọ́. Ní ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ó falẹ̀, àwọn tí ń tì í sì ré e kọjá. Ọwọ́ àwọn tí ó lọ́ra ni ó bọ́ sí, tí wọ́n sì ń gba agbára rẹ̀. Ní ibi tí ọ̀nà bá tẹ́jú díẹ̀ nìkan ni ìtìjú wọn ń ṣe iṣẹ́, ibi bẹ́ẹ̀ kì í sì í gùn.

Kò sì dìgbà tí kókó inú pílásímà bá tóbi. Nítorí pé ọ̀wọ́ náà yára lọ́pọ̀lọpọ̀ ju àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá lójú ọ̀nà, bí ibì kan bá fi ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ki ju ibi tí ó tẹ̀ lé e, ó ti pọ̀ tó láti já ìgbì gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń tì í. Ohun tí ojú lè kà sí ìdíwọ́ lójú ọ̀nà, òun gan-an ni ó dá ẹ̀mí ọ̀wọ́ náà sí: bí kò ti lè ná owó rẹ̀ bí ó ti fẹ́, ó mú èyí tí ó pọ̀ dé ọ̀nà jíjìn.

Ó tún ní àbájáde mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ retí. Ìgbì tí ó wọ ibi tí ó ki, tí ó sì di ayára, lè bá àwọn tí ó yára jù lọ nínú ọ̀wọ́ pàdé, kí ó sì wọ́ wọn síwájú. Àwọn tí ó fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2010 wá rí i pé díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń jáde pẹ̀lú ìyára tí ó ju èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Lára àwọn tí ń lọ sí ọjà, àwọn kan dé pẹ̀lú owó tí ó ju èyí tí wọ́n mú kúrò nílé.

OHUN TÍ ÀWỌN ỌKỌ̀ RÍ

Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ kò lè tẹ̀lé ìrìnàjò náà dé òpin. Òrùlé pílásímà tí ń dá ohùn Lọ́ńdọ̀nù padà sí ilẹ̀ fún àwọn ará abúlé, òun kan náà ni ó ń dá ohùn oòrùn padà sí òkè bí ìmì rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju bí mílíọ̀nù 10 lọ. Àfi kí ènìyàn rán ẹ̀rọ kọjá òrùlé náà.

Jámánì àti Amẹ́ríkà jọ rán ọkọ̀ Helios 1 lọ ní oṣù kejìlá ọdún 1974, àti Helios 2 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, kí wọ́n lè sún mọ́ oòrùn ju bí ọkọ̀ kankan ti ṣe rí lọ. Ní ọdún 1976 náà ni Donald Gurnett àti Roger Anderson ti Yunifásítì Iowa kéde pé àwọn ọkọ̀ náà ti bá ìgbì Langmuir pàdé lójúkojú, pẹ̀lú ariwo irú kẹta, ní ibi tí kò tó ìdajì ọ̀nà láti oòrùn sí ayé. Èyí fi ìdí ọ̀rọ̀ Ginzburg àti Zheleznyakov múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì náà kò dà bí omi tí ń ṣàn láìdáwọ́ dúró. Ní òjijì ni yóò ga, ní òjijì ni yóò sì lọ. Yóò dákẹ́, yóò tún gbérí ní ibòmíràn. Òkìtì òkìtì ni wọ́n wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Nígbà tí ó di ọdún 1981, Robert Lin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkọ̀ ISEE-3 wọn ọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ìgbì tí ó ń tì pọ̀ ní àkókò kan náà, nítòsí ayé.

Ní ọdún 1992, Peter Robinson ti Yunifásítì Sydney, ní ìlú tí iṣẹ́ Wild ti bẹ̀rẹ̀, fi ìṣirò sọ ohun tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ń jèrè níhìn-ín, ó ń pàdánù lọ́hùn-ún, láìsí ẹni tí ó lè sọ èyí tí yóò kàn. Ọ̀pọ̀ a kú ní kékeré; díẹ̀ tí èrè bá ṣe kòńgẹ́ èrè fún a di òkè ńlá. Bí ìgbì kékeré àti ńlá ti pọ̀ tó nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ sì sún mọ́ ohun tí ìṣirò náà wí. Àwọn onímọ̀ kan ṣì gbà pé bí ìgbì ńlá ṣe ń kọlu ara wọn tí wọ́n sì ń fọ́ ní ipa tí ó ju báyìí lọ, pàápàá níbi tí ọ̀wọ́ bá ti lágbára púpọ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán, ó sì ṣeé ṣe kí olúkúlùkù jàre ní ibi tirẹ̀, nítorí pé oòrùn kì í ju ọ̀wọ́ méjì tí ó bá ara wọn dọ́gba.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń fẹ́ ní báyìí ni láti wo ọ̀nà náà ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Parker lọ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì jọ rán èyí tí ń jẹ́ Solar Orbiter ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2020. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2024, Parker kọjá ní bí mílíọ̀nù mẹ́fà kìlómítà péré sí ojú oòrùn, ohun kan tí ọwọ́ ènìyàn ṣe kò sì tíì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó na ọ̀pá gígùn mẹ́rin jáde tí ó fi ń gbọ́ ìgbì bí ó ti ń lọ. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí pílásímà tí ó yí ọkọ̀ náà ká bá dún, ohùn náà gan-an ni ó ń sọ bí ibẹ̀ ti ki tó, bí ó bá sì yí padà bí ọkọ̀ ti ń sún síwájú, kókó kan ni ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá.